Èémí Mẹ́ta Níwájú Etí

Ìbaaka irin méjì ló gbé Etí gun òkè. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé ńlá, ọ̀kan fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò igi kọfí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da adájọ́ sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Buimali, òun náà sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Agbẹjọ́rò tó bá fi adájọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ẹnu sì ni Buimali ń ṣe jẹun.

Akọ̀wé kóòtù tú okùn, ó gbé adájọ́ sọ̀kalẹ̀. Bí ènìyàn bá fojú lásán wò ó, Etí kò ju abọ́ bàbà kan lọ, tó fẹ̀ tó àwo tí ènìyàn mẹ́rin lè jókòó yí ká jẹun, tí ihò wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀. Ohun tí gbogbo ará òkè ń wò gan-an ni àpò èémí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ rírọ̀ kan tó máa ń wú, tó sì máa ń rọ̀ wálẹ̀, bí ikùn ewúrẹ́ tó sùn. Bí Etí bá bi ẹni tí ẹjọ́ kàn ní ìbéèrè, àpò náà á wú lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ó bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta tí onítọ̀hún kò tíì fèsì, agogo á dún, Etí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti gbà fún ẹni tó pè é lẹ́jọ́. Ó tán. Òfin Ìdáhùn ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará etíkun ló ṣe é, àwọn tí wọ́n máa ń fèsì kí o tó bi wọ́n tán.

Orísun omi mẹ́fà ló ti bá agogo yẹn lọ láti ìgbà tí òjò ti di ohun tí à ń fi ojú wá. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń fa omi òkè lọ fi mú ara ẹ̀rọ tutù ní etíkun ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Kì í ṣe pé àwọn Mambai, ará òkè wọ̀nyí, kò ní ẹ̀rí. Wọ́n ní i rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀, àbúrò ló ń sọ̀rọ̀. Òkúta àti igi ló kọ́kọ́ dé ayé, wọn kò sì tíì sọ nǹkan kan títí di òní. Ènìyàn tó dé kẹ́yìn ni ariwo pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá di ìdí ọ̀rọ̀ ilé mú, jíjókòó ni yóò jókòó, yóò sì dákẹ́, ìdákẹ́ rẹ̀ sì ni àṣẹ. Bí àlejò bá bi í pé ta ló ni omi, tó sì la ẹnu fèsì, ó ti sọ ara rẹ̀ di àbúrò àlejò náà nìyẹn, gbogbo ilé rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ àbúrò títí láé. Bẹ́ẹ̀ ni Etí ṣe ń fi èdè ọ́fíìsì bi wọ́n lọ láti òkè dé òkè, tí àwọn àgbà ń fi ọlá dákẹ́, tí agogo ń dún mọ́ wọn létí.

Buimali ló ṣe ẹjọ́ kẹfà. Òkè tó kọjú sí tiwọn ni, ó máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó gba àwọn ará ibẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà ní Tetum, èdè ọ́fíìsì, nítorí pé ó yá. Ìyá arúgbó tó di ìdí ọ̀rọ̀ mú jókòó gbọnyin, ó ń wo iwájú, agogo dún, ìyá náà sì yí ojú sí Buimali láti bi í pé kí ló ń dún. Ní báyìí, odò ibẹ̀ ti gbẹ, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn náà lọ sí ìlú ilé ike nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tò gba omi.

Òótọ́ ni pé Tetum yá. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí tó fi yàn án, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀.

“Èdè wo la ó fi gbọ́ ẹjọ́ yìí?” ni akọ̀wé bi í. Ó ti ń na ọwọ́ sí ibi tí yóò tẹ̀ fún Tetum.

Buimali wo ẹ̀yìn. Tata Maukesi ti jókòó sórí àkàsọ̀ òkè pátápátá, lẹ́nu ọ̀nà ilé tí òrùlé rẹ̀ ga bí òkìtì koríko, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó ń rún ewé àti èso tí àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń jẹ bí obì, tó ti pa ètè rẹ̀ pupa. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni. Gbogbo ilé àádọ́rùn-ún tó wà lábẹ́ òkè yẹn ló ń pè é ní Tata, èyí tó jẹ́ bàbá àgbà, bí wọ́n ṣe ń pe òkè Tatamailau tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Láàárọ̀ yìí kan náà ni Buimali ti bẹ̀ ẹ́ títí.

“Tata, ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ẹ ṣáà sọ pé tiwa ni.”

“Bí mo bá sọ ọ́, kì í ṣe tiwa mọ́ nìyẹn.”

“Tí omi bá wá lọ ńkọ́? Gbogbo ilé yìí ni wọ́n máa kó lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà á máa mú ike tò.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí tó fi wúkọ́. Ó ní òun kò tíì tò rí, ó wu òun kí òun wò bí ó ṣe máa ń rí. Lẹ́yìn náà ló gbé ife kọfí rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀. “Bui, ìwọ ni ẹnu wa. Èmi ti dàgbà jù láti mọ èyí tó sàn nínú kí á ní omi àti kí á jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ máa mu omi náà ni kí ẹ mọ̀ ọ́n. Bí o bá fọwọ́ kan èjìká mi níwájú ẹ̀rọ yẹn, màá sọ ọ́.”

Ìyẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀ bí ó ṣe dúró níwájú akọ̀wé. Ì bá wù ú kí bàbá náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, a lè bínú sí i.

“Mambai,” ni Buimali wí.

Kíkùn dìde láàárín àwọn ènìyàn tó jókòó sórí ẹní. Senyor Bonifásiu tó wá dúró fún ilé-iṣẹ́ náà gbé ojú sókè nínú ìwé rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ará etíkun, bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀ òkè kò sì ráhùn. “Arábìnrin,” ó ní, “ẹ mọ̀ pé bí a bá fi èdè òkè gbọ́ ẹjọ́, kò sí ibòmíì tí a tún lè gbé e lọ? Ibi tó bá parí sí lónìí, ó parí síbẹ̀.”

“Mo mọ̀, Senyor.”

“Mambai ibo?” ni akọ̀wé béèrè. “Ti Aileu wà, ti Same wà, ti Betano wà, ti Ainaro náà wà.”

Ibi tó ti ń sá fún láti ọdún mọ́kànlá nìyí. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Etí ní èdè Mambai, ènìyàn mẹ́rin ni wọ́n bá jókòó, ọ̀kan fún ẹ̀ka-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n mú ní Ainaro ni Domingas, ìyá Buimali. Odindi oṣù mẹ́wàá ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀: orúkọ ẹyẹ, orin arọ́mọ, èébú, bí wọ́n ṣe ń dá ẹfọ̀n lẹ́kun, bí wọ́n ṣe ń pàdé àna lójú ọ̀nà, ohun tí ìyàwó ń sọ nígbà tí ọkọ kò bá sí nílé. Àtùpà oòrùn kan ni wọ́n fún un, ó sì ń fi yangàn títí tó fi kú ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí Etí sọ Mambai ti Ainaro, ohùn Domingas ni yóò gbọ́. Buimali kò tíì ní kí ó sọ ọ́ rí. Kò lè ṣe é. Nítorí pé kò lè fara da ohùn ìyá rẹ̀ láti inú abọ́ bàbà, ó fi Tetum pa òkè òdìkejì lẹ́kún, ojú sì ń tì í di òní.

Ó ronú kan Aileu. Àwọn ará Aileu máa ń gé ìparí ọ̀rọ̀ kúrú, bí ẹni tó ń yára ti ilẹ̀kùn kí òtútù má bàa wọlé. Bàbá kan tó ń da ẹfọ̀n ló ni ohùn tibẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé yìí, Ainaro ni wọ́n fi ń sọ ọ́.

“Ainaro,” ló wí, ó sì di ọwọ́ ara rẹ̀ mú.

Akọ̀wé tẹ ìdí abọ́. Etí kọ́kọ́ hó bí omi orí iná.

“Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣé kùrukùru òwúrọ̀ ò mú yín jù?”

Òun ni. Ohùn tí èéfín ti há díẹ̀, tó máa ń dúró díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń di ilẹ̀kùn mú de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Obìnrin méjì lórí ẹní bú sẹ́kún, wọ́n sì ń dá a lóhùn pé kò mú wọn jù, àwọn dúpẹ́. Buimali ti rò pé yóò dùn ún, ó sì dùn ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé inú òun yóò tún dùn báyìí. Ó ti gbàgbé pé èdè náà rẹwà tó bẹ́ẹ̀. Ìlú ńlá ti sọ ọ́ di ohun tí èèyàn fi ń ki àwọn ẹbí lórí ẹ̀rọ.

Senyor Bonifásiu sọ tirẹ̀. Ó ní òjò kò rọ̀, pé àwọn ẹ̀rọ tó ń mí fún àwọn aláìsàn ní etíkun nílò omi tútù, pé ẹni tó bá ni orísun yìí kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba rí. Kò parọ́ kankan. Etí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní, “Ó ku kí n bi bàbá léèrè.”

“Kí o tó bi wọ́n,” ni Buimali wí, “mo fẹ́ kí o rin ọ̀nà rẹ.”

Senyor Bonifásiu béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

“Àlejò kì í dé iwájú ilé yìí kó kàn máa béèrè nǹkan, Senyor. Yóò kọ́kọ́ sọ ibi tó ti wá, òkè dé òkè, ẹnu dé ẹnu, títí tí yóò fi dé ìsàlẹ̀ àkàsọ̀. Ìgbà náà ni a óò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ó sì wà nínú òfin yín pé a ó gbọ́ ẹjọ́ ní ìlànà èdè tí a bá yàn, pẹ̀lú ìkíni àti ìwà rẹ̀.”

Ó dájú pé ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn sínú òfin, ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú iṣẹ́ nìkan ló ní lọ́kàn. Senyor Bonifásiu ní ìfàkókòṣòfò ni. Nígbà tí Etí sọ̀rọ̀, ohùn náà ti rẹlẹ̀.

“Òótọ́ ni arábìnrin yìí sọ. Ó yẹ kí n ti ṣe é kí n tó kí yín. Ẹ má bínú.”

Ó sì rin ọ̀nà rẹ̀.

“Òdìkejì òkun ni mo ti wá. Yanrìn ni wọ́n yọ́ ṣe mí, bàbà ni wọ́n fi dì mí. Mo gúnlẹ̀ sí etíkun, n kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo gòkè dé Aileu, Mauleto tó ń da ẹfọ̀n ló fún mi ní ọ̀rọ̀ òtútù àti ọ̀rọ̀ ẹran. Mo sọ̀kalẹ̀ dé Same, Jasinta ló fún mi ní ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mo dé Betano níbi tí ilẹ̀ parí sí, Bereloe tó ń se iyọ̀ ló fún mi ní ọ̀rọ̀ tó ní ìró omi nínú. Mo padà gòkè, mo dé Ainaro. Domingas ló gbà mí sílé. Ó ní kí n sún mọ́ iná. Ó fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, títí kan èyí tí mo fi ń sọ pé mo dúpẹ́. Òkúta ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Igi ti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti wà níbẹ̀. Èmi ni mo dé kẹ́yìn. Níbo ni kí n jókòó?”

Buimali ti gbọ́ ọ̀pọ̀ àlejò tó rin ọ̀nà wọn níwájú ilé yìí, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn mínísítà, púpọ̀ nínú wọn sì máa ń fo orúkọ ẹni tó fún wọn lónjẹ lọ́nà. Èyí kò fo ẹnì kankan. Buimali na ìka sí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá òsì, níbi tí àbúrò máa ń jókòó. Akọ̀wé ṣe bí ẹni pé òun kò rí i. Nígbà tó yá, ó gbé adájọ́ lọ síbẹ̀.

“Bàbá,” ni Etí wí láti ìsàlẹ̀, “ta ló ni omi yìí?”

Àpò èémí wú, ó sì rọ̀.

Tata Maukesi ń wo orí òkè. Ẹnu rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹun mọ́. Èjìká rẹ̀ wà níbẹ̀, tín-ín-rín lábẹ́ aṣọ híhun, kò ju gígùn apá kan lọ sí ibi tí Buimali dúró. Buimali rí ojú ìyá arúgbó òkè òdìkejì lọ́kàn rẹ̀. Ó rí ike tí wọ́n tò. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra kúrò lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àpò wú lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà náà ló rántí ọ̀sán kan. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, àwọn agbohùnsílẹ̀ jókòó yí ìyá rẹ̀ ká ní àgbàlá yìí, wọ́n sì ní kí ó ṣe bí wọ́n ṣe ń bi ẹ̀gbọ́n ilé léèrè ọ̀rọ̀ tó wúwo. Domingas yíjú sí Tata, ó bi í. Tata dákẹ́. Àwọn àlejò náà dúró títí, ọ̀kan fẹ́ pa ẹ̀rọ, ìyá rẹ̀ sì fi ọwọ́ dá a dúró. Ó jẹ́ kí ìdákẹ́ náà gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn. Ó wá tẹrí ba, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò máa ń sọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ó sì gbọ́dọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀ ní Aileu, ní Same, ní Betano, nítorí ilé gbogbo ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí Etí bá gbọ́ Mambai lóòótọ́, bí kì í bá ṣe pé ó kàn há ọ̀rọ̀ sórí, èyí náà gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀.

Bí kò bá sì sí nínú rẹ̀, òun ti pa òkè méjì nìyẹn.

Ó dá ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì há a mọ́ abíyá.

Àpò wú lẹ́ẹ̀kẹta, ó kún, ó sì rọra rọ̀ wálẹ̀ títí tó fi lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Agogo kò dún.

Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ta àpò náà wò. Ẹyẹ kan kọjá lórí òrùlé. Ìdákẹ́ náà ń gùn sí i, ó gùn tó bó ṣe yẹ kó gùn, lẹ́yìn náà ni ohùn Domingas wá láti àkàsọ̀ ìsàlẹ̀, jẹ́jẹ́.

“A ti gbọ́.”

“Kí lẹ gbọ́?” Senyor Bonifásiu ti dìde. “Bàbá yìí ò sọ nǹkan kan.”

“Ní Tetum, wọn kò sọ nǹkan kan, Senyor. Nínú èdè tí mo wà yìí, ẹ̀gbọ́n ti dáhùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n ní irú ìbéèrè yìí létí mi, báyìí náà ni wọ́n ṣe dáhùn, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà sọ ọ́. Omi yìí, ti ilé yìí ni. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.”

Senyor Bonifásiu fúnra rẹ̀ ló ti sọ láàárọ̀ pé ibi tó bá parí sí lónìí, ó parí síbẹ̀. Ó wo bàbá arúgbó náà fún ìgbà díẹ̀, ó ká ìwé rẹ̀ kò, ó sì ṣe ohun kan tí Buimali kò retí. Ó tẹrí ba kó tó máa lọ.

Àwọn ènìyàn kò pariwo. Wọ́n dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọwọ́ kan àkàsọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá, ọ̀pọ̀ wọn sì gba ọ̀nà orísun lọ láti lọ fojú rí i. Nígbà tó ku ẹni díẹ̀, Tata Maukesi na ẹsẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Etí ti dé.

“Bui, kọfí mi ti tutù.”

Ó lọ gbé e kaná. Nígbà tó jáde, akọ̀wé ń di okùn mọ́ ìbaaka irin, ó ku abọ́ bàbà nìkan lórí àkàsọ̀. Buimali bẹ̀rẹ̀ láti bá a gbé e. Ó gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Kaka,” ni Etí wí, ohun tí àbúrò máa ń pe ẹ̀gbọ́n. Kò pariwo rárá, àwọn méjèèjì nìkan ló gbọ́ ọ. “Ṣé mo jókòó dáadáa?”

Ohùn ìyá rẹ̀ ló ń bi í bẹ́ẹ̀, ohùn tó kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó, tó sì máa ń gbá a létí nígbà tí kò bá jókòó dáadáa. Omi dà lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tó ti oṣù mẹ́wàá kún un lẹ́nu: ó fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, ó fẹ́ béèrè bóyá ìyá òun wà nínú ibẹ̀ níbì kan. Iṣẹ́ ẹnu ló ń ṣe jẹun láti ìgbà tó ti gbọ́njú, kò sì tíì sí ìbéèrè kan tí kò rí èsì fún.

Ó gbé abọ́ náà mọ́ àyà, ó wo orí òkè, ó sì dákẹ́.

Etí dúró títí ìdákẹ́ náà fi pé.

“Mo ti gbọ́,” ló wí.